Wáípà ìgbà òtútù: èwo ni ká rà, báwo la sì ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nìyí. Àwọn òǹkàwé mìíràn ti kọ̀wé dá sí i, mo sì ń dá àwọn náà lóhùn nísàlẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, oṣù kẹjọ ni mo dé Chicago, ìgbà òtútù mi àkọ́kọ́ nìyí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn. Ilé tí mo yá kò ní gáréèjì, ẹ̀gbẹ́ títì ni mò ń gbé ọkọ̀ sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo jáde síbi ọkọ̀, mo tan wáípà, mo gbọ́ 'fàà!', àfi bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ ya. Rọ́bà ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ti já, ó ń fì dirodiro. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra wáípà ìgbà òtútù. Èkejì ní wọ́n kàn fẹ́ gba owó lọ́wọ́ mi ni, pé wáípà ni gbogbo wáípà ń jẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?"

* * *

Ọ̀rẹ́ rẹ kejì kò sọ òótọ́, ti àkọ́kọ́ náà kò sì tíì pé. Àbúrò mi, kì í ṣe irú wáípà tó wà lára ọkọ̀ rẹ ló ya rọ́bà yẹn. Ohun tó yà á ni pé o tan án nígbà tí omi dídì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Bíléèdì tó wọ́n jù lọ lọ́jà, bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí i, yóò ya. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbọ́ èyí kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀, torí ọdọọdún ni mò ń rí àwọn ọmọ wa tó ń ra wáípà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta.

Wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. O ti ibi iṣẹ́ dé, híítà ti mú gíláàsì lọ́wọ́ọ́wọ́. Yìnyín bọ́ lé e, ó yọ́, omi rẹ̀ sì ṣàn lọ sísàlẹ̀ níbi tí wáípà sùn sí. Kò pẹ́, gíláàsì tutù, omi yẹn dì, ó wá di àtè. Nígbà tí o padà dé tí o sì tan wáípà, mọ́tò ń fà á lọ sókè, omi dídì dì í mú nísàlẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ìyà jẹ.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nítorí náà, kí o tó tan ọkọ̀, wò ó bóyá ọ̀pá wáípà, èyí tí o fi ń tan án lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, ti wà ní pípa. Tan ọkọ̀, darí afẹ́fẹ́ híítà sí gíláàsì, sọ̀ kalẹ̀, fi ike tí wọ́n fi ń fá yìnyín fá gíláàsì náà láti òkè wá sísàlẹ̀. Nígbà tí ìsàlẹ̀ gíláàsì bá ti gbóná díẹ̀, ìwọ fúnra rẹ yóò rí i pé etí wáípà ti ń tú. Fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè wẹ́rẹ́. Bí kò bá tíì gbà, má fà á, jẹ́ kí híítà ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i. Iṣẹ́ ike ni fífá. Iṣẹ́ wáípà ni nínu. Ẹni tó bá fi wáípà fá yìnyín, ọjà ni yóò máa lọ.

Ó ku ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kí o dá mi lóhùn kí n tó sọ èyí tí o máa rà: ojú ọ̀nà wo lo ń gbà lọ síbi iṣẹ́? Àárín ìlú ni àbí márosẹ̀?

* * *

Kó tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí àríyànjiyàn tí ẹ̀yin òǹkàwé ti bẹ̀rẹ̀ lórí irú wáípà tó yẹ kó rà. Irú mẹ́ta ló wà nílẹ̀ jù.

Èyí tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé ni eléegun. Irin ni, ó ní oríkèé bíi ìka ọwọ́, àwọn oríkèé yẹn ló ń tẹ rọ́bà mọ́ bí gíláàsì ṣe tẹ̀. Owó rẹ̀ kéré. Àmọ́ inú oríkèé yẹn ni yìnyín tútù máa ń kó sí. Tó bá dì níbẹ̀, irin náà kò ní lè tẹ̀ mọ́, yóò le gbagidi bí ọ̀pá. Wàá rí i pé ó nu etí méjèèjì, ó fi àárín sílẹ̀, tàbí ó nu àárín, ó fi etí sílẹ̀. Àárín yẹn gan-an sì ni ojú rẹ wà.

Èkejì ni aláìléegun. Irin pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀, rọ́bà sì bò ó mọ́lẹ̀. Kò ní oríkèé, yìnyín kò ríbi wọ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n kọ "winter" sí lára páálí rẹ̀. Eegun ti àkọ́kọ́ ló wà nínú òun náà, ẹ̀wù rọ́bà ni wọ́n wọ̀ fún un láti orí dé ìdí kí omi má baà dé oríkèé. Àwọn kan wà tó jẹ́ àdàlù, tí wọ́n fi ike bo eegun. Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ìyẹn.

Ẹ̀yin tó pọ̀ jù ló ní ẹ̀kẹta ni kó lọ rà, ọ̀rọ̀ sì parí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi lo ẹ̀kẹta. Ní àdúgbò, níbi tí èèyàn ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ tó sì ń dúró ní iná pupa, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀. Yìnyín kò rí i mú. Ṣùgbọ́n ó sanra, ó sì wúwo. Ní márosẹ̀, tí o bá ti ń sá 60 máìlì lọ sókè ní wákàtí, afẹ́fẹ́ á kó sábẹ́ rẹ̀, á gbé e díẹ̀ kúrò lára gíláàsì. Tírélà tó wà níwájú rẹ sì ń da omi iyọ̀ tó ti dàpọ̀ mọ́ ẹrẹ̀ lù ọ́. Wáípà lọ, ó bọ̀, ẹrẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ kan lórí márosẹ̀ I-80 tó fi jẹ́ pé ibi tí mo kọ́kọ́ rí láti yà sí ni mo yà sí. Láti ọjọ́ yẹn, aláìléegun ni mò ń lò.

Nítorí náà, ibi tí ọkọ̀ rẹ ń sùn àti ọ̀nà tí ó ń rìn ni yóò sọ èyí tó yẹ ọ́. Kò sí ẹyọ kan tó dára fún gbogbo èèyàn.

* * *

Bọ̀ọ̀dá tó kọ̀wé láti Mínísótà ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbádùn wáípà gbọ́dọ̀ gbé apá rẹ̀ dúró lóròòru, pé gbogbo àdúgbò àwọn ló ń ṣe é. Bọ̀ọ̀dá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, òtútù tiyín ju tiwa lọ. Òótọ́ ni pé tí apá bá dúró, rọ́bà kò ní lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ ó sì lè fá ìsàlẹ̀ gíláàsì mọ́ tónítóní.

Ohun tí mi ò gbà ni "gbọ́dọ̀" tí ẹ lò. Ní Chicago tí èmi náà wà, afẹ́fẹ́ adágún kì í sinmi. Aládùúgbò mi kan gbé tiẹ̀ dúró lálẹ́, afẹ́fẹ́ líle kan dé, ó gbá apá náà padà. Bíléèdì ti yọ lára rẹ̀ nígbà yẹn, irin lásán ló ba gíláàsì. Ó sán láti ìsàlẹ̀ dé àárín. Sípíríìnì apá wáípà lágbára gan-an. Ẹni tó bá ti fi ìka há sábẹ́ rẹ̀ rí mọ̀. Tí ẹ bá sì ń nà án dúró láti alẹ́ dé àárọ̀ fún oṣù mẹ́rin lọ́dọọdún, ó lè dẹ̀ tó bá yá, wáípà kò wá ní tẹ gíláàsì dáadáa mọ́.

Èyí tí èmi ń ṣe ni pé tí wọ́n bá ti ní yìnyín ń bọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò sì ní le, mo máa ń gbé e. Tí afẹ́fẹ́ bá máa le, aṣọ tó nípọn ni mò ń tẹ́ sórí gíláàsì, mo á fi ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún etí rẹ̀ méjèèjì, mo á sì jẹ́ kí wáípà sùn lé aṣọ yẹn lórí. Láàárọ̀, mo á ká aṣọ, yìnyín á bá a lọ.

Àwọn ọkọ̀ kan tún wà tí wáípà wọn sá pamọ́ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi tipátipá gbé ìyẹn, yóò ha bọ́nẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ wo ìwé ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jámánì, ẹ ó pa ọkọ̀, ẹ ó tẹ ọ̀pá wáípà lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wáípà yóò sì gòkè wá dúró láàárín gíláàsì fúnra rẹ̀.

* * *

Sí ẹni tó ní kẹ́tù omi gbígbóná ló ń yanjú gbogbo rẹ̀: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Gíláàsì tó tutù rinrin kò fara mọ́ omi híhó. Ibi tí òkúta kékeré bá ti ta á rí, ibẹ̀ ni yóò ti sán. Èyí tí kò bá sì sán, omi yẹn yóò ṣàn lọ sídìí wáípà, yóò tún dì níbẹ̀, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ po sípírítì tí wọ́n fi ń nu ojú abẹ́rẹ́, èyí tó jẹ́ 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n méjì sí omi ìwọ̀n kan, sínú ike tó ń fọ́n. Ẹ fọ́n ọn sí ìdí wáípà, ẹ dúró díẹ̀. Yóò tú. Sípírítì kì í tètè dì bí omi, ẹ lè fi ike náà sínú ọkọ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ omi wáípà wá dé. Arábìnrin wa ní Lọ́ńdọ̀nù ní omi ẹ̀rọ lásán lòun ń dà sí i láti ọdún mẹ́fà, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo gbà á gbọ́, torí òtútù ibẹ̀ kì í sábà pẹ́. Ṣùgbọ́n omi lásán ń dì ní 0 lórí ìwọ̀n Celsius, ì báà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, ì báà jẹ́ Aberdeen. Tó bá dì, ó máa ń wú. Ike inú bọ́nẹ́ẹ̀tì lè bẹ́, ẹ̀rọ kékeré tó ń tú omi jáde sì lè bàjẹ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìwé òfin ìrìnnà Britain sọ pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ lè ríran, kó sì ti kó yìnyín kúrò lára gbogbo gíláàsì kó tó gbéra. Ihò kékeré tí èèyàn fá síwájú ojú rẹ̀ nìkan kò tó.

Níhìn-ín ní Amẹ́ríkà, ẹ wo ara ike omi náà dáadáa kí ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n ń tà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń dì ní 32 Fahrenheit bí omi lásán. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 20 sábẹ́ òdo sí lára, ìyẹn bíi 29 sábẹ́ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, tàbí èyí tó tún lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì dà á lé ti ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣẹ́ kù lórí. Ẹ kọ́kọ́ lo ìyẹn tán, torí bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, agbára èyí tí ẹ rà yóò dín kù.

Àṣìṣe kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni, gíláàsì kò tíì gbóná, mo tẹ omi wáípà bí mo ṣe wọ márosẹ̀. Gbogbo iwájú mi funfun lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ẹni da wàrà lé e. Ohun tó wà nínú omi náà tí kì í jẹ́ kó dì ni mẹ́tánọ́ọ̀lù, atẹ́gùn sì tètè ń gbé e lọ. Èyí tó kù lórí gíláàsì tútù yẹn ló dì lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí híítà mú gíláàsì gbóná dáadáa kí ẹ tó tẹ omi rárá.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù yẹn, májèlé ni. Ó lè fọ́ èèyàn lójú, ó lè pa èèyàn. Àwọ̀ búlúù rẹ̀ sì jọ ohun mímu ọmọdé. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tó ní ọmọ nílé: ẹ má bu èyí tó kù sínú ike omi mímu, ẹ má sì gbé e sí ìsàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ wọn lè tó.

* * *

Ẹnìkan bèèrè ta ló kọ́kọ́ ronú kan wáípà gan-an. Ó yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí ìbéèrè náà, torí yìnyín ló bí wáípà.

Obìnrin kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dárúkọ, Mary Anderson, ará Alabama, ìpínlẹ̀ tó móoru. Ó lọ sí New York nígbà òtútù, ó wọ ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ó sì rí i pé awakọ̀ ń ṣí gíláàsì iwájú kó tó lè ríran, òtútù sì ń wọlé bá gbogbo èrò. Nígbà tó padà sílé, ó ronú apá kan tó ní rọ́bà lórí, tí awakọ̀ lè fi ọwọ́ yí láti inú ọkọ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún 1903 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Kò rí owó kankan nídìí rẹ̀. Àwọn tó fi lọ̀ ní kò lè mú èrè wá.

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2011, tí yìnyín tó ju 20 íǹṣì bọ́ ní Chicago, tí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ sì há sórí Lake Shore Drive, títì etí adágún, mọ́jú, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wà nínú wọn. Ó ní kí ọkọ̀ tó dúró rárá ni wáípà òun ti kọ iṣẹ́. Eléegun ni. Yìnyín ti di kókó sí gbogbo oríkèé rẹ̀. Ó ń sọ wíńdò kalẹ̀, ó ń na ọwọ́ síta, tí wáípà bá ti fì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á gbá a mú, á ta á mọ́ gíláàsì kí kókó yẹn lè já. 108 ọdún lẹ́yìn obìnrin yẹn, awakọ̀ tún ń ṣí gíláàsì nínú yìnyín kó lè ríran. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ oríkèé nìyẹn.

* * *

Rọ́bà àbí sílíkọ́ọ̀nù? Mo rí i pé ẹ ti ń bínú síra yín lórí èyí. Rọ́bà lásán máa ń le bí òtútù bá ti mú un. Tó bá ti le, yóò máa fo lórí gíláàsì, yóò máa ké. Sílíkọ́ọ̀nù ṣì máa ń rọ̀ nínú òtútù, kì í sì í tètè gbó. Àwọn kan tún máa ń fi ohun kan tí omi kì í dúró lé sílẹ̀ lórí gíláàsì. Iye tí wọ́n ń tà á tó ìlọ́po méjì ti rọ́bà lọ́pọ̀ ibi. Ẹni tó lówó rẹ̀ lọ́wọ́, kó rà á. Ẹni tí kò ní, kó ra rọ́bà tuntun ní oṣù kọkànlá, yóò gbé e délé. Ohun tí kò dáa ni kéèyàn fi rọ́bà tí oòrùn oṣù keje ti yan gbẹ wọ oṣù kìíní. Oṣù mẹ́fà sí méjìlá ni ọjọ́ orí bíléèdì. Fi ìka rẹ tọ́ etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: tó bá dán bí etí ewé, ó ṣì dáa, tí ìka rẹ bá ń kọ sí i bí eyín ayùn, pààrọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó sọ pé ó ti gbó, ẹ kọ́kọ́ nù ún ná. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ló máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ rẹ aṣọ sínú sípírítì, ẹ fà á lára etí rọ́bà náà títí dúdú kò fi ní jáde mọ́, kí ẹ sì fọ gíláàsì pẹ̀lú. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo máa ń ṣe é. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ sọ wáípà oṣù kan nù, tó jẹ́ pé iyọ̀ ló ń fa gbogbo ìlà tó ń rí.

* * *

Arákùnrin tó wà ní Ìbàdàn bèèrè bóyá kí ẹ̀gbọ́n òun fi wáípà ìgbà òtútù ránṣẹ́ sí òun, pé ó lágbára ju ti ọjà lọ. Rárá o. Wọ́n ṣe é fún yìnyín, kò ní nǹkan kan tó máa ṣe fún ọ níbẹ̀ ju pé ó wúwo. Oòrùn ló ń pa wáípà nílé, òun àti ọyẹ́. Nígbà ọyẹ́, ekuru á bo gíláàsì, èèyàn á tan wáípà ní gbígbẹ, ekuru yẹn á ha gíláàsì. Da omi sí i kó o tó tan án. Tó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ tó ti Chicago tàbí Kánádà dé lo fẹ́ rà, fi wáípà sílẹ̀, wo abẹ́ ọkọ̀, torí iyọ̀ títì wa ń jẹ irin.

* * *

Mo ti ń sún ìtàn yìí síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí ó kan àbúrò yìí.

Ní òpin oṣù kìíní ọdún 2019, òtútù ìlú yìí lọ sí 23 sábẹ́ òdo Fahrenheit ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù náà. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo fi ọ̀pá wáípà sílẹ̀ síbi tó ti ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, mo pa ọkọ̀, mo wọlé. Láàárọ̀ mo tan ọkọ̀ láti inú ilé. Kí n tó débẹ̀, wáípà ti gbìyànjú láti gbéra, omi dídì sì dì í mú. Nígbà tí mo yọ ọ́ tán, mọ́tò ń dún, apá ọ̀tún ń lọ, ti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ dúró sójú kan.

Mẹkáníìkì kan ní mọ́tò ti jó, dọ́là 280. Mo san án, inú sì bí mi nígbà tí nǹkan kan náà tún ṣe mí lọ́dún tó tẹ̀ lé e tí mẹkáníìkì mìíràn sì ṣí ike dúdú kékeré ìdí apá wáípà, tó fi sípánà hàn mí pé nọ́ọ̀tì ibẹ̀ ló dẹ̀, apá wá ń yọ̀ lórí eyín rẹ̀. Ó dá a padà sáyè rẹ̀, ó fún un, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nítorí náà, tí wáípà kan bá dúró tí èkejì sì ń lọ, nọ́ọ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tí méjèèjì bá dúró tí ẹ kò sì gbọ́ ìró kankan, ẹ wo fíúsì. Ẹ wo méjèèjì yìí kí ẹ tó gbà pé mọ́tò ni.

Kí ẹ sì máa pa wáípà kí ẹ tó pa ọkọ̀, kó lè padà sùn sí ààyè rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ Subaru àti Toyota kan ní wáyà tó ń gbóná ní ìsàlẹ̀ gíláàsì níbi tí wáípà ń sùn sí. Ẹ wo bọ́tìnì inú ọkọ̀ yín, ó lè wà níbẹ̀ tí ẹ kò mọ̀.

* * *

Àbúrò mi ti dáhùn. Ó ní márosẹ̀ Dan Ryan lòun ń gbà lọ, òun sì ń gbà á bọ̀, pé òun ti ra aláṣọ rọ́bà, ìyẹn ẹ̀kẹta, kí òun tó ka èsì mi, kò sì wọ ọkọ̀ òun.

Ó dáa bí kò ṣe wọ̀ ọ́. Dá a padà pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀. Márosẹ̀ lo ń gbà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, aláìléegun ni kí o gbà. Tó bá jẹ́ àárín ìlú nìkan ni, èmi náà ì bá ní kí o mú èyí tí o rà, kí o sì yọ ọ́ ní oṣù kẹrin.

Má kàn ra méjì tó gùn dọ́gba láìwo ìwọ̀n. Ti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ sábà máa ń gùn jù. Lára ọkọ̀ tèmi, 26 íǹṣì ni, 16 sì ni ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìwé ọkọ̀ rẹ tàbí ìwé tó wà ní ilé ìtajà yóò sọ tìrẹ. Wo orí apá wáípà pẹ̀lú: tó bá tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, èyí tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yà á ní fọ́tò lọ.

Ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ ni kí o ti pààrọ̀ rẹ̀. Ká táwẹ̀lì sórí gíláàsì kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí apá má baà já lù ú. Gbé apá dúró, tẹ ike kékeré tó wà níbi ìwọ̀, fa bíléèdì sísàlẹ̀ sí ìhà ìdí apá, yóò yọ. Fi tuntun sí i, fà á sókè títí tí wàá fi gbọ́ "kẹ́". Tí o kò bá gbọ́ "kẹ́", kò tíì wọlé, má gbé e jáde. Yọ ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bo etí rọ́bà. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ìyẹn.

Tí o bá ti tan wáípà ní Illinois, òfin ní kí iná iwájú ọkọ̀ náà wà ní títàn. Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tí yìnyín tó tún máa bọ́ bá ti bọ́, kí n mọ bó ṣe ń nu.